Kọ́nà Tí Kò Pa Ẹnikẹ́ni

Láti ọjọ́ tí Wadha ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni Mutlaq ń rí ẹni bá jẹun. Hayel ló ń gbé oúnjẹ wá: ìrẹsì àti ẹran àgùntàn tí ìyá rẹ̀ fi wàrà kíkan sè. Hayel yìí kan náà ni ọkọ̀ ẹ̀fọ́ rẹ̀ gbá Wadha ní kọ́nà iwájú ilé.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Wadha ṣì wà ní ọsibítù nígbà tí àwọn àgbà ìdílé Hayel wá bẹ Mutlaq. Wọ́n gbé ife kọfí sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní fẹnu kàn án àfi tó bá gbẹ̀bẹ̀. Lókè Karak, ní ilẹ̀ Jọ́dánì, ta ni yóò jẹ́ kí kọfí àlejò tutù? Mutlaq ní kí wọ́n mu, ẹjọ́ sì parí síbẹ̀. Nígbà tí Wadha sì dákẹ́, tí wọ́n bèèrè ohun tó pa á, ó ní orí àtẹ̀gùn ló ti ṣubú. Òun, ọlọ́pàá ojú pópó, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wọn ibi tí ọkọ̀ bá ti gbá ènìyàn, kó sì kọ ọ́ ránṣẹ́!

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Shurouq, ẹnjiníà ọ̀nà, tẹ́ àwòrán títì síwájú Mutlaq ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àmì pupa tó ń tọ́ka ibi tí ọkọ̀ ti pa ènìyàn kún un.

"Bàbá, ibi tí ènìyàn ti ń kú nìkan lowó àtúnṣe wà fún. Kọ́nà tiyín yìí ò ní wàhálà. Kò pa ẹnikẹ́ni rí."

Mutlaq fi ìka kan kọ́nà náà lórí àwòrán. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ọkọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ ilé ìwé kan lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, ọjọ́ Jímọ̀ á dà bí ọjọ́ yòókù. Ìdákẹ́ ilé yẹn bà á lẹ́rù ju ìbínú àwọn àgbà lọ.

Nígbà tí Jímọ̀ pé, ó sọ ọ́ lórí oúnjẹ.

"Hayel, mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Wadha sílẹ̀."

Hayel dá ọwọ́ dúró. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ká mu kọfí?"

"Èmi ni."

"Mi ò rí àgbà tó ń pọ kọfí rí o! Àbí oúnjẹ màmá mi ti sú yín?"

"Kò sú mi, ọmọ mi. Òun nìkan ni mo ní."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹlòmíràn á kú níbẹ̀."

Hayel gbé àwo náà tòun ti ẹran inú rẹ̀, ó jáde láìdágbére.

Mutlaq jẹ́wọ́ fún Shurouq. Ó kúnlẹ̀ lójú títì, ó fi ẹfun sàmì síbi tí Wadha ti ṣubú, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Ibiṣẹ́ fìyà jẹ ẹ́ nítorí irọ́ tó pa. Wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ Hayel fún ìgbà díẹ̀. Kò pẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n ri irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́nà, wọ́n sì mọ òkìtì tí ń dín eré ọkọ̀ kù sójú títì.

Ní Jímọ̀ kan, Mutlaq gbọ́ ìró ọkọ̀ ẹ̀fọ́. Eré rẹ̀ ń dínkù bó ṣe ń sún mọ́lé. Ó sáré dìde, ó tẹ́ ẹní, ó kó ife méjì jáde. Ọkọ̀ náà rọra gun òkìtì kìíní, ó rọra gun ìkejì, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọkọ̀ ṣe ń ṣe níbẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn náà Hayel tẹ iná mọ́ ọn, ó kọjá lọ.