Bí A Ṣe Ń Tẹ́ Ọkùnrin Tí Àárẹ̀ Mú Sórí Ibùsùn

Torleif ṣe bí ọ̀mùtí, ó ṣubú sórí bẹ́ńṣì méjì tí wọ́n tò pọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ gbọọrọ sókè, ó sì ké bí àgùntàn tí wọ́n ń rẹ́ irun rẹ̀. Gbogbo kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀mùtí wo lo rí tó ń ké bí àgùntàn?" ni ẹnì kan nínú kíláàsì bi í.

"Lọ bi bàbá Solfrid!"

Solfrid dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nínú àpò súwẹ́tà. Tíṣà Brekke ló pè é jáde. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn lọ́jọ́ Ẹtì: ẹnì kan á ka ìpínrọ̀ tó kọ nípa bí a ṣe ń ṣe nǹkan, ẹlòmíràn á máa ṣe ohun tó bá gbọ́. Bí ẹni yìí bá dúró tí kò mọ èyí tó kàn, ìpínrọ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ti òní le. Ẹni tí tirẹ̀ bá já geere jù ni yóò lọ lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Skọ́tíláǹdì, ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo abúlé apẹja náà. Ó ti pẹ́ tí Gunnvor ti ń lá àlá rẹ̀.

Gunnvor ló kọ ìpínrọ̀ yìí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti Solfrid ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ wọ́ bàbá Solfrid tó ti mutí yó láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá. Solfrid ní kó fi orúkọ ìyá òun tí òkun gbé lọ búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó búra. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni lóòótọ́. Ó kàn kọ ọ́ ni. Nígbà tí Tíṣà Brekke kà á tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá pe Solfrid.

"Èyí tó bá kà nìkan ni kó o ṣe o."

Gunnvor bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kọ́kọ́ bọ́ bàtà rẹ̀. Solfrid bọ́ ọ. Yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ojú omi kúrò lápò rẹ̀. Solfrid yọ kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ Torleif. Yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí èébì má baà há a lọ́fun.

"Ẹ gbà mí o, kó má fẹnu kò mí lẹ́nu!" ni Torleif pariwo.

Má dúró, ni Gunnvor ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Jọ̀ọ́, má dúró. Solfrid kò dúró. Gbé korobá síbi orí rẹ̀. Ó gbé garawa ìdalẹ̀nù síbẹ̀. Pa iná. Ó pa á.

Gunnvor ká ìwé rẹ̀. Ó ti parí.

Solfrid kò tíì parí. Ó wọ́ àga kan lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ti ilẹ̀kùn, ó jókòó lé e, ó sì di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú gírígírí. Ẹ̀rín kú.

"Ìyẹn ò sí nínú ohun tó kà," ni Tíṣà wí.

"Kò sí níbẹ̀, Tíṣà. Gunnvor ti lọ sílé wọn nígbà yẹn. Bí bàbá mi bá jí, wọ́n á fẹ́ lọ wá màmá mi lójú òkun. Mo máa ń di ilẹ̀kùn mú títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Tíṣà Brekke họ àgbọ̀n. "Ó dáa. Gunnvor, fi ìyẹn kún un, Skọ́tíláǹdì di tìẹ."

Gunnvor mú bírò. Ó kọ ọ́. Ó tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń dì í mú ni, àbí òsì?"

"Ọ̀tún," ni Solfrid dáhùn.

Nígbà tí wọ́n jáde, Solfrid nìkan ti ń lọ níwájú lórí yìnyín. Gunnvor fẹ́ sáré bá a. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó wá inú orí rẹ̀ títí, kò rí ohun tí èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe.