Ọ̀sẹ̀ Tí Obìnrin Kankan Ò Ṣiṣẹ́ ní Kalapata

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ṣe làálàá tí ẹnu wa ò ní í lè pè ní iṣẹ́. Àdúrà tí Fidelia ń gbà lábẹ́ ahọ́n nìyẹn bó ṣe ń gun òkè Kalapata lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí yìnyín òru ṣì funfun lórí koríko bí iyọ̀ tó dà nù.

Ọ̀gá rẹ̀, Rengel, tí wọ́n ń fi oyè ìwé rẹ̀ pè ní Lisensiado, wà nísàlẹ̀ létí títì. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ inú mọ́tò, ó fi aṣọ òtútù bo imú. Ọ̀rọ̀ tó sọ kí Fidelia tó sọ̀ kalẹ̀ kò tíì kúrò létí ọmọbìnrin náà.

"Wo àwòrán yìí dáadáa," ọ̀gá ti wí, ó na bébà kan sí i. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀, búlúù fún ọkùnrin, pupa fún obìnrin, láti orí ọmọ ogún ọdún títí dórí arúgbó. "Lọ́dún tó kọjá, gbogbo obìnrin Kalapata, àti màmá àti ọmọge, ló ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún yìí tí ìwọ lọ bi wọ́n léèrè, ìlà pupa já wálẹ̀ bí okùn kànga. Kò sí obìnrin kan ṣoṣo tó ṣiṣẹ́! Ṣé àjàkálẹ̀ ìmẹ́lẹ́ ló wọ̀lú ni, àbí ìdí iná lo jókòó sí tó o fi kọ ọ́?"

"Ọ̀gá, mo lọ. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ."

"Padà lọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó o bá tún mú irú èyí bọ̀, irọ́ lò ń pa nìyẹn, n ò sì ní í bá ọ tọwọ́ bọ ìwé iṣẹ́ tuntun."

Iṣẹ́ abéèrè-kọ̀wé fún ìjọba yìí nìkan ni Fidelia ní. Òun ló fi ń gbọ́ bùkátà ọmọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ní La Paz, ó sì mọ bí ojú òun ti rí màbo kóun tó rí i. Tó bá bọ́ lónìí, kò mọ ilẹ̀kùn tí yóò tún kàn.

Bàbá Leoncio ló kọ́kọ́ bá. Bàbá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ara níwájú ilé, ó ń yá oòrùn, ewé kóka wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìsinmi o. Ṣé ẹ ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Ìsinmi wo? Mo ṣiṣẹ́ gan-an!"

"Iṣẹ́ wo ni, Bàbá?"

"Iṣẹ́ oko ni. Ta ló ni oko ọ̀ún, bí kì í bá ṣe èmi?" Ó fi ọ̀pá júwe oko náà, ṣùgbọ́n apá ibi tí odò wà lọ̀pá kọjú sí. Ojú bàbá ò ríran mọ́ tipẹ́.

Fidelia kọ ọ́ sílẹ̀: ọkùnrin, ó lé lọ́gọ́rin, ó ń ṣiṣẹ́. Ó mí kanlẹ̀, ó kọjá.

Lórí pápá pẹrẹsẹ lẹ́yìn abúlé, àwọn obìnrin ti bọ́ sẹ́nu ohun tí wọ́n ń ṣe. Àsìkò chuño, pòtétò gbígbẹ, ni: wọ́n á tẹ́ pòtétò sílẹ̀ kí yìnyín òru mú un dì, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán tẹ omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì sá a sóòrùn. Màmá Saturnina, àgbà wọn, ló ń ki oúnjẹ náà bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́:

"Pòtétò, ọmọ ilẹ̀ dúdú,
yìnyín wẹ̀ ọ́, oòrùn nù ọ́,
ẹsẹ̀ obìnrin tẹ̀ ọ́, o ò bínú.
O gbẹ títí, o ò rà,
ìyàn mú, o yọjú."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin màmá mi!" Fidelia kígbe.

"Áà, sẹnyọrita oníbéèrè tún ti dé!" Eulogia, tó kéré jù nínú wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Àbí ọkọ lò ń wá? O ti pẹ́ jù o. Wọ́n ti lọ gé ìrèké ní Santa Cruz!"

Ẹ̀rín ta. Fidelia rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì ṣí ìwé rẹ̀. "Màmá Saturnina, ẹ jọ̀ọ́, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé ẹ ṣiṣẹ́, bó ṣe wákàtí kan péré?"

"Rárá o." Ẹsẹ̀ màmá ò dúró. Omi dúdú ń rú jáde láàárín ọmọ ìka rẹ̀.

"Kí wá lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Chuño Primitiva ni mò ń bá a tẹ̀."

"Ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ni?"

"Iṣẹ́ kẹ̀? Àáró ni, ohun tá à ń pè ní ayni. Primitiva ti bá mi wa pòtétò tèmi. Ẹni tó dá nǹkan olóhun padà, o ti gbọ́ kí wọ́n ní ó ṣiṣẹ́?"

Fidelia yíjú sí Primitiva, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ẹ̀yin lẹ ni pòtétò. A jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́."

"Èmi? N ò fẹsẹ̀ kan pòtétò mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹran Eulogia ni mò ń dà."

"Ẹran Eulogia ńkọ́?"

"Bi Eulogia."

"Èmi ò fojú kan ẹran mi," ni Eulogia wí. "Oko Saturnina ni mo wà."

"Èmi ò sì dé oko mi rárá," ni Saturnina fi kádìí ẹ̀.

Orí Fidelia ń pòòyì. Ó ṣí ìwé ìlànà tó wà nínú báàgì rẹ̀: iṣẹ́ ni ohun téèyàn ṣe fún owó, tàbí fún èrè ilé ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbowó. Kò sẹ́ni tó ṣe ti ilé ara rẹ̀. Pòtétò ti kúrò nínú ilẹ̀, àgùntàn ti yó, kò sì sẹ́ni tó ṣiṣẹ́! Ta wá ni iwin tó ń ṣe é?

"Ẹ ní ẹ ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá," ó wí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́ di ẹkún.

"Lọ́dún tó kọjá, ọkọ wà nílé, kálukú wà lóko ẹ̀," Saturnina dáhùn. "Lọ́dún yìí ọkọ ò sí, a wá gbára jọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ akèrègbè."

"Màmá, tí mo bá mú 'rárá' padà fún ọ̀gá mi, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn."

Ìgbà yẹn lẹsẹ̀ Saturnina ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Ó wo ọmọbìnrin náà tàánútàánú. "Ọmọ mi, tí n bá pe èyí níṣẹ́ níṣojú Primitiva, mo ti sọ ọ́ di àgbàṣe nìyẹn. Á ní owó ni mò ń wò lọ́wọ́ òun. Ta ni yóò wá bá mi wa pòtétò lọ́dún tó ń bọ̀?" Ó nu ojú. "Ìwọ náà sì rèé, o ti gba àsìkò wa lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́ bàtà, wá fẹsẹ̀ san án."

Fidelia gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Òtútù bù ú jẹ títí dé orúnkún, ó figbe ta, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ títí èémí fi fẹ́ẹ̀ pin nínú rẹ̀. Primitiva gbé tíì gbígbóná wá fún un.

"O káre, ọmọ mi. Ẹ wò ó o, Fidelia ló ṣe ibí yìí! Iṣẹ́ ńlá ló ṣe fún mi."

Fidelia gbé ife dúró lẹ́nu. Kí ni màmá yìí pè é? "Màmá Primitiva, ta ló ṣiṣẹ́ fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Háà! Saturnina ṣiṣẹ́ bí ẹṣin, kí Ọlọ́run ṣoore fún un. Ìyá tó bí Eulogia náà, pẹ̀lú ọjọ́ orí ẹ̀..."

Ó bi Eulogia ní tirẹ̀, ó bi Saturnina. Ẹnu tí kò lè sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ ara rẹ̀ ń ròyìn ọwọ́ ẹlòmíì bí omi òjò. Ó ń kọ, ó ń kọ. Ó wá bi wọ́n pé ta ni Bàbá Leoncio ṣiṣẹ́ fún. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pòtétò. Fidelia ò mọ̀ bóyá kóun pa orúkọ bàbá rẹ́ ni, tàbí kóun fi í sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀.

Ibẹ̀ lọ̀gá Rengel bá wọn. Òtútù ti lé e jáde nínú mọ́tò. Ó gba ìwé, ó kà á, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí lèyí? Lẹ́ẹ̀kìíní, ẹnì kankan ò ṣiṣẹ́. Lónìí, gbogbo wọn, títí dórí ìyá arúgbó! Èwo ni ká gbà?"

"Ọ̀gá, wọn ò sọ ti ara wọn. Ti ara wọn ni wọn ò lè sọ. Aládùúgbò ló jẹ́rìí wọn."

"Ìwé ìlànà ní kí kálukú dáhùn fún ara ẹ̀!"

"Ìwé ìlànà ò dé ibí rí, ọ̀gá. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn."

Ó wo ẹsẹ̀ wọn. Ó wo ẹsẹ̀ Fidelia tó ti pọ́n bí ata. Kó tó sọ̀rọ̀, Saturnina ti fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń rán an wá gba àsìkò wa? Ó yá, ẹ bọ́ bàtà."

Ọ̀gá ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fò bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún. Nígbà tó yá, ó sún mọ́ Fidelia, ó rọ ohùn sílẹ̀: "Kí la máa kọ èyí sí? Ṣé iṣẹ́ ni, àbí kì í ṣe iṣẹ́?"

"Èmi ò mọ̀, ọ̀gá. Ọwọ́ Primitiva ni ká ti béèrè."

"Ó ń gbìyànjú," ni Primitiva wí, "àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá fúyẹ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín láìmọ̀ọ́mọ̀. "Wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́la, ká tọwọ́ bọ ìwé tuntun. Ìwọ lo máa ṣàlàyé ìlà pupa yìí fún wọn. Èmi ò lè ṣàlàyé ẹ̀."

"Ọlọ́run, o ṣé o," Fidelia sọ lábẹ́ ahọ́n. Wọ́n ń wọ bàtà nígbà tí Primitiva sáré tọ̀ wọ́n wá, ó ń fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ọwọ́.

"Lisensiado, mo jẹ yín ní ẹsẹ̀ o. Ọjọ́ wo ni kí n wá bá yín ṣe tiyín? Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Ọ̀gá la ẹnu. Ó wo mọ́tò, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó wá yíjú sí Fidelia, bóyá ó lè bá òun dáhùn.