Àwòrán Kẹrin

Oníférémù ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, torí iṣẹ́ férémù ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì kan kó àwòrán àtijọ́ mẹ́fà wá fún un pé kó fi férémù sí wọn. Ìtàn ayàwòrán òyìnbó kan tó rìnrìn àjò wọ igbó ni wọ́n fi àwòrán sọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bàbá rẹ̀, tó máa ń wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, mú ẹ̀kẹrin sún mọ́ jígí ojú rẹ̀. Ọkùnrin oníhòòhò kan ló wà níbẹ̀, ó yọ eyín síta bí ajá, ó ń gbé àpótí àlejò sá lọ. Ìka kan kò sí lọ́wọ́ òsì rẹ̀, àpá iná sì wà ní àgbọ̀n. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: "Olè inú igbó."

"Bàbá mi nìyí," ni bàbá wí. "Ìka tí kò sí yẹn àti àpá iná yẹn ni ìyá mi fi máa ń júwe rẹ̀."

Oníférémù mọ ìtàn náà. Ògbufọ̀ ayàwòrán náà ni bàbá àgbà, ẹ̀wù kì í wọ́n lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru dá ayàwòrán náà dùbúlẹ̀, òun ló wẹ̀ ẹ́, òun ló pọ̀n ọ́ dé etí odò, tó tún padà lọ gbé àpótí rẹ̀ wá. Ayàwòrán ṣèlérí pé òun á fi àwòrán bàbá àgbà ránṣẹ́. Bàbá àgbà retí títí ó fi kú.

"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé," ni bàbá wí. "Ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Nígbà tí ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì dé, Oníférémù bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fi bébà bo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn.

"Ẹ má bínú, ìyá. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ ẹ. Ó ń pa àwọn àlejò lẹ́rìn-ín."

"Ẹ kó wọn lọ nígbà náà. Mi ò ṣe é."

Ó kó wọn lọ. Oníférémù rò pé bàbá yóò yìn ín, àmọ́ ojú bàbá ti le.

"Ta ló ní kó o jẹ́ kó lọ? Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Irọ́ ni wọ́n yà, àmọ́ ojú ẹ̀ ni. Ibòmíì wo ni mo ti máa rí i?"

Lọ́sẹ̀ kejì, ó mú bàbá lọ sí òtẹ́ẹ̀lì náà. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n gbé àwòrán kẹrin kọ́ sí. Àwọn méjèèjì ra omi kí àwọn òṣìṣẹ́ má bàa lé wọn, bàbá sì jókòó, ó dojú kọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ méjì wá dúró ti àwòrán náà, wọ́n yọ eyín síta bí i tirẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n rẹ́rìn-ín lọ.

"Àgbọ̀n èmi àti bàbá mi jọra," ni bàbá wí fún ọmọ rẹ̀.

Ó mu omi rẹ̀ tán, ó ní kí wọ́n máa lọ.