Ìyá Ẹni Tó Wọlé

4.

…kí n má sì jẹ́ kí Màmá gbọ́ títí yóò fi délé.

Bí Bùọ̀dá Jibril, akọ̀wé ẹgbẹ́, ṣe parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù nìyẹn.

(Nọ́ńbà kìíní dé ìkẹta kò sí mọ́. Mo pa wọ́n rẹ́. Ẹkún lásán ló wà níbẹ̀.)

5.

ÈSÌ ÌDÌBÒ SÍ ILÉ ÌGBÌMỌ̀ AṢÒFIN ÌPÍNLẸ̀
Ẹ̀KÙN KEJÌ

ABDULFATAI — Ó WỌLÉ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kú oríire. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

6.

Wọ́n dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró bó ṣe ń ti ibi tí wọ́n ti ka ìbò bọ̀. Wọ́n yìnbọn fún un. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun nìkan ni mo ní.

7.

Màmá mi mọ nọ́ńbà 5. Kò mọ nọ́ńbà 6.

8.

Nílùú wa, ẹni tó bá ń du ipò máa ń rán ìyá rẹ̀ wá sí Mẹ́kà kí ìbò tó dé. Wọ́n á ra ìbò nílé tán, wọ́n á tún wá fi ìyá wọn bẹ Ọlọ́run. Èmi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ẹ̀sìn níbí ti rí ìyá olóṣèlú tó pọ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni Fatai rán tiwa sí. Yàrá mi ní An-Nakkasah, lórí òkè, ló dé sí. Mo ti gba fóònù rẹ̀, mo ní ó fẹ́ àtúnṣe. Irọ́ ni.

Ìyá ẹni tó fìdí rẹmi náà wà ní Mẹ́kà. Ó rí wa lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì yà sí ọ̀nà mìíràn.

“Ó ń dùn ún ni,” Màmá wí. “Ká máa bá a ṣàdúrà.”

9.

JIBRIL: Ẹgbẹ́ fẹ́ kí Àlàájà ṣe fídíò kékeré kan.

ÈMI: Fídíò kí ni?

JIBRIL: Kí wọ́n dúró síbi tí Kaaba á ti hàn, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dìbò.

ÈMI: Bùọ̀dá Jibril, ẹni tí wọ́n fẹ́ dúpẹ́ fún ti kú.

JIBRIL: Wọ́n máa dìbò mìíràn láti fi rọ́pò rẹ̀. Orúkọ tìẹ la fẹ́ gbé kalẹ̀. Àwọn èèyàn á sunkún tí wọ́n bá rí fídíò yẹn. Ẹni tó bá sì sunkún á dìbò.

[Mo lọ ti ilẹ̀kùn kí Màmá má baà gbọ́.]

JIBRIL: Màrúf?

ÈMI: Mo ń gbọ́.

10.

Mi ò sọ pé rárá.

11.

[FÍDÍÒ. Obìnrin kan nínú aṣọ funfun. Ariwo èrò.]

“Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ dìbò fún Fatai mi, ẹ ò ní fi ọmọ tiyín náà ṣòfò. Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ fún wa. Màrúf, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?”

“Ó dáa, Mà.”

12.

Ojú tì mí. Mo sì fi ránṣẹ́.

13.

Ní Haram, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà, lẹ́yìn ìrun ọ̀ranyàn, wọ́n sábà máa ń kírun sí òkú lára. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè òkú ta ni. Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí kíkírun sí òkú tó wà lọ́nà jíjìn. Mi ò dúró dè wọ́n. Fatai ni mo gbà sọ́kàn.

Nígbà tí Màmá jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin:

“Òkú ta ni wọ́n kírun sí lára yẹn?”

“Mi ò mọ̀, Mà.”

“Ọlọ́run á fàlùjánnà kẹ́ ẹ. Ó ṣáà ní ìyá níbì kan.”

14.

Màmá, ẹ jókòó ná.

Màmá, ara Fatai kò fi bẹ́ẹ̀ yá.

Màmá,

15.

Jẹ́dà. Al-Ruwais, nílé Abdulghani. Bàbá bàbá rẹ̀ ti ìlú wa wá ṣe hájì, kò sì padà sílé mọ́. A ń dúró de àkókò bàálù. Lujain, ọmọ Abdulghani, ń bu tíì.

Fóònù mi dún. Àlàájà Hafsa ni, aládùúgbò wa nílé. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó rí nǹkan ṣe sí i.

HAFSA: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, Ìyá Màrúf.

MÀMÁ: Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀?

HAFSA: Ẹ̀yin ni, Mà. Mi ò… mi ò gbọ́ yín dáadáa.

[Ìpè já.]

LUJAIN: Sukkar, yā khāla?

[Ó na ṣúgà sí i. Màmá dá fóònù padà fún mi.]

16.

MÀMÁ: Màrúf.

ÈMI: Mà.

MÀMÁ: Láti ọjọ́ tí mo ti bí Fatai ni Hafsa ti ń pè mí ní Ìyá Fatai.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

MÀMÁ: Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

MÀMÁ: Pe Fatai fún mi. Jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ohùn rẹ̀.

17.

Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, láàárín àwọn ife tíì.

Ó ń dún.