Ẹni Tó Ń Wádìí Oyèbísí

Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni ni Oyèbísí ń ṣe ní Enugu, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dójú àmì. Bí ìdílé kan bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ, òun ni wọ́n máa ń bẹ̀ kó lọ wádìí bóyá ọkọ àfẹ́sọ́nà ò ti níyàwó sílé. Onírọ́ tó ti tú láṣìírí ò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ngozi tó ń ta okpa, ọ̀lẹ̀ àwọn Igbo, ní Artisan Market tẹ̀ ẹ́ láago. "Aunty Bísí, one old man dey ask of you o!" Bàbá náà fẹ́ mọ̀ bóyá Oyèbísí máa ń bínú, bóyá ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé, irú ilé tí wọ́n ti bí i. Kò pẹ́ ni télọ̀ rẹ̀ náà pè, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ara Oyèbísí bù máṣọ. Ó rántí gbájú-ẹ̀ kan tí òun tú láṣìírí lóṣù tó kọjá, tó búra pé òun máa wá a kàn. Yéè! Ó pinnu láti kó kúrò ní Enugu kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Cyprian nìkan ló ń dùn ún. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń fẹ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Cyprian ò tíì la ẹnu sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà bí ojú, ó sì sunkún nítorí rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo ló ń sá láìmọ ẹni tó ń lé e? Lọ́jọ́ kejì, ó lọ lúgọ sẹ́yìn ìsọ̀ Ngozi. Bàbá náà tún dé, ó bèèrè tirẹ̀ tán, ó wọ kẹ̀kẹ́. Oyèbísí wọ òmíràn, ó tẹ̀ lé e dé GRA. Bó ṣe ń ṣí géètì ni Oyèbísí já lù ú. Inú ń bí i o, síbẹ̀ orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó rántí pé ìjà lòun bá wá.

"Good afternoon, sà! Ta ló rán yín sí mi?"

Bàbá náà wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni Dennis, àbúrò bàbá Cyprian. Nílẹ̀ Igbo, a kì í fẹ́yàwó láìwádìí ilé rẹ̀. Cyprian ló rán mi, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sinmi!"

Hà! Iṣẹ́ tí Oyèbísí ń ṣe jẹun ni wọ́n ń ṣe lé e lórí, kò sì mọ̀ ọ́n! Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́.

"Gbogbo wọn ló yìn ọ́," ni Bàbá Dennis wí, "àfi télọ̀ rẹ tó ní o lágídí. Ó ku ìbéèrè kan tí wọn ò lè dáhùn: ṣé o fẹ́ ọmọ wa?"

"Mo fẹ́ ẹ, sà." Ó dìde nílẹ̀. "Ẹ̀rù yín ló fẹ́ lé mi kúrò nílùú. Nítorí Cyprian ni mi ò ṣe tíì lọ."

Bàbá Dennis ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti gbé fóònù sétí.

"Cyprian, máa bọ̀ kíá! Ìyàwó wa ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé."