Àgọ́ Ẹni Méjì

Nígbà tí Zacharie sọ pé òun fẹ́ gun alùpùpù lọ sí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́, kí òun sì máa sùn nínú àgọ́ lójú ọ̀nà, gbogbo ará ilé ló rẹ́rìn-ín àfi Flavienne, ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobè, níbi tó ti ń tọ́jú ọmọ ọ̀pẹ láti ìgbà èwe rẹ̀, irun orí rẹ̀ sì ti funfun. Ṣùgbọ́n Flavienne mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn, àwọn olùwádìí kan ti òkè òkun dé, Zacharie sì bá wọn ru ẹrù wọ inú igbó lọ wá ọ̀pẹ tó lalẹ̀ hù. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn àlejò a pàgọ́, wọn a wọlé sínú rẹ̀, òun a sì padà sí abúlé lọ wá ẹní tí yóò sùn lé. Títí di òní, bó bá ń ròyìn àwọn àgọ́ yẹn, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó gbóòórùn ọbẹ̀ tí kò sì débi ìkòkò.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Anicet, tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Pobè, ni wọ́n jọ fẹ́ lọ, kálukú lórí alùpùpù tirẹ̀. Anicet ti ní àgọ́ tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kutọnu ló fi í ránṣẹ́. Ó wá ku ti Zacharie. Nítorí pé Sakété ni Flavienne ti máa ń ra gàrí tó ń tà, ọkọ rẹ̀ ní kó bá òun yà lọ́dọ̀ Hospice, ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù àlòkù tí ọkọ̀ òkun ń kó wá. Ó ní kó bá òun wo àgọ́ ẹnìkan, èyí tó fúyẹ́, tí kò ní gbàyè lẹ́yìn alùpùpù.

Flavienne ní òun gbọ́. Kò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ “ẹnìkan” yẹn dun òun. Larissa tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn ti lọ sílé ọkọ ní Parakou, ilé sì ti pa lọ́lọ́. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi tọ́ ọmọ, ìrìn tí òun àti Zacharie jọ rìn kò kọjá ìsìnkú àti ìgbéyàwó, ojú ẹsẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń padà nítorí ọjà, nítorí iṣẹ́. Ó ti ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí àyè bá yọ lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì ni yóò jọ lò ó. Kò kúkú sọ ọ́ síta rí, Zacharie náà kò sì bi í.

Lọ́jọ́ ọjà, nígbà tó ra gàrí rẹ̀ tán tó sì fi àwọn àpò náà síkàáwọ́ oníbàárà rẹ̀ kan, ó lọ bá Hospice. Hospice tú àgọ́ mẹ́ta, ó sì nà wọ́n ró fún un ní iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Àkọ́kọ́ gùn tóóró, ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Flavienne fi ìka méjì gbé e. Hospice ní irú èyí ni àwọn tó ń gun alùpùpù rìnrìn àjò ń rà. Flavienne bi í bóyá òun lè wọnú rẹ̀ wò, ó sì rá wọlé lójú gbogbo èrò ọjà. Nígbà tó jókòó, gèlè rẹ̀ kan òkè. Nígbà tó dùbúlẹ̀, aṣọ àgọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án nímú, kò sì pẹ́ tí ooru fi mú un. Ó rántí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ga tó, àti bí orúnkún ṣe máa ń yọ ọ́ lẹ́nu bó bá jí láàárọ̀, tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ jókòó kó tó lè wọ ṣòkòtò. Bí òjò bá sì dé, ibo ni yóò kó bàtà àti àpò rẹ̀ sí? Ó rá jáde, ó ní kí wọ́n gbé ìyẹn tì.

Èkejì tóbi débi pé ènìyàn lè nàró nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n irin ni àwọn ọ̀pá rẹ̀. Hospice fúnra rẹ̀ ní alùpùpù tó bá gbé e yóò gbé iwájú sókè.

Ẹ̀kẹta ni Flavienne dúró tì. Àwọ̀ ewé ni. Ó ní ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún àti lósì, aṣọ kan sì yọ síta lókè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, tí bàtà àti àpò lè wà lábẹ́ rẹ̀ kí òjò má pa wọ́n. Bí wọ́n bá ká àwọn ọ̀pá rẹ̀, wọn kò gùn ju apá lọ, nítorí náà wọn kò ní yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù lọ máa gbá èrò ọ̀nà. Flavienne gbé aṣọ rẹ̀ sójú oòrùn, ó wá ojú ihò. Ó fa àwọn síìpù rẹ̀ lọ, ó fà wọ́n bọ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ti bu. Ó da omi inú ìgò rẹ̀ sórí ilẹ̀ àgọ́ náà, ó sì fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ bó ń jò. Àwọ̀n ẹ̀fọn rẹ̀ ya díẹ̀, èèkàn rẹ̀ kan sì ti sọnù, ṣùgbọ́n ìyẹn kò le.

Ó wọ inú rẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kíyè sí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ni òun sùn sí, òun sì fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀. Ariwo ọjà wà níta, ìmọ́lẹ̀ tútù aláwọ̀ ewé sì bo ojú rẹ̀. Hospice wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

“Màmá, ṣé ti ẹnìkan lẹ ń wá ni, àbí ti ẹni méjì?”

“Ti ẹni méjì ni,” ni Flavienne wí.

Anicet wà nílé nígbà tó gbé e dé. Zacharie yí àgọ́ náà síwá sẹ́yìn, ó ní kì í ṣe irú èyí ni òun rán an. Anicet dá sí i pé pẹ̀lú ẹrù báyìí, kò ní sí àyè fún omi. Flavienne lọ sídìí ààrò. Ó gbé oúnjẹ fún wọn, ó sì dúró títí Anicet fi lọ.

“Bàbá Larissa, èmi náà fẹ́ lọ.”

Zacharie wo àgọ́ náà. Ó ní òun kò mọ̀ pé irú rẹ̀ lè wù ú, pé ilẹ̀ le, pé ẹ̀yìn alùpùpù yóò sì ro ó lára. Flavienne bi í pé orí kí ni òun ń jókòó sí láàárín àpò gàrí láti ọjà dé ọjà.

“Ẹ ò bi mí ni,” ló fi kún un. “Ká ní ẹ bi mí ni, tí mo sì ní n ò lọ, ìyẹn ì bá yàtọ̀.”

Ọkọ rẹ̀ tún wo àgọ́ náà. Ó ní òótọ́ ni, òun kò bi í. Lẹ́yìn náà ló ní kí àwọn gbé e lọ sí Issaba ná, káwọn lọ dán an wò.

Oko Ọdẹ́wálé, ẹ̀gbọ́n Flavienne, tó wà níbẹ̀ ni wọ́n lọ. Alùpùpù náà ń mì lọ́nà débi pé wọ́n ní láti dúró kí wọ́n tún ẹrù dì. Nígbà tí wọ́n dé, Zacharie yan ibi kan tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́. Flavienne ní ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú jù, bóyá omi máa ń dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ní kò séwu. Òjò ọ̀sán dé kò pẹ́ sígbà náà, ó sì le. Orí àgọ́ kò jò rárá, ṣùgbọ́n adágún yí wọn ká, omi sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé bá wọn. Àwọn méjèèjì ká orúnkún sókè, wọ́n gbé àpò lé e. Ọdẹ́wálé gbé agbòòjò wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi sùúrù béèrè bóyá wọ́n ti ń pa ẹja. Zacharie ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ti pẹ́ gan-an tí Flavienne ti rí i bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbé àgọ́ lọ sí ibi tó ga, wọ́n sì gbẹ́ ojú ọ̀nà kékeré fún omi. Òjò tún rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, inú àgọ́ sì gbẹ. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ń gbọ́ òjò lórí aṣọ. Zacharie wá sọ ohun kan tí kò sọ rí: pé lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí yẹn ní kí òun wọlé wá wò ó, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òun, ojú ti òun, òun sì ní òun kò fẹ́. Flavienne sún mọ́ ọn.

Anicet náà lọ bi ìyàwó tirẹ̀ bóyá yóò bá àwọn lọ. Ìyẹn ní òun kò lè nílé kí òun tún lọ sùn nígbó, nítorí náà Anicet dá gbé àgọ́ tirẹ̀ bá tọkọtaya náà lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n gba ọ̀nà Kétu. Zacharie ti so ibi ìgbẹ́sẹ̀lé tó fẹ̀ mọ́ alùpùpù nítorí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì ń dúró lóòrèkóòrè kí ẹ̀yìn lè sinmi. Ìrìn náà le ju bí Flavienne ti rò lọ, eruku pọ̀, ara sì ro ó, ṣùgbọ́n kò kábàámọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n sì pàgọ́ sẹ́sẹ̀ òkè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Flavienne ló kọ́kọ́ jí. Ó fa síìpù sílẹ̀, àwọn àpáta ńlá sì dúró gbàgàdà níwájú rẹ̀ nínú kùrukùru, bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń lọ sóko kí i, Yorùbá wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Pobè, síbẹ̀ ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè ohun tó wà níwájú. Ọ̀kan nínú wọn ní òkè tún wà ní Ìdáàṣà, ọ̀nà ibẹ̀ sì dára.

Zacharie yọjú láti ilẹ̀kùn kejì, ó ní ṣé kí àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀mọ́, nítorí òní ni wọ́n jọ sọ pé àwọn yóò padà sílé. Flavienne ti ń fa èèkàn àkọ́kọ́ tu.

“Ẹ jẹ́ ká dé Ìdáàṣà ná,” ni ó wí.