Iṣu Ẹ̀gún Houlératou

"Gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀, Imane."

Yacoubou kò pariwo, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ obìnrin mọ ohùn yẹn láti ìgbà èwe. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Iṣu kan tó ti bẹ tán wà nínú abọ́ omi níwájú rẹ̀. Orí rẹ̀ tó gé kúrò wà nílẹ̀ láàárín èèpo, apẹ̀rẹ̀ tí ìyókù wà nínú rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Àwọn àna yín ti kúrò ní Savalou. Fídáù ogójì ọjọ́ ìyàwó yín la fẹ́ ṣe, ẹ ò sì fẹ́ kí a gún iyán?"

"Èbù nìyẹn."

"Ṣé èbù kì í ṣe iṣu ni?"

"Iṣu ẹ̀gún ni. Òun nìkan ló kù."

Kò sí àgbà kan ní Agoua tí kò mọ iṣu ẹ̀gún. Baba Houlératou, ìyàwó Yacoubou tó kú, ló wà á nínú igbó nígbà tí igbó ṣì sún mọ́ ilé. Ó ń tún un gbìn lọ́dọọdún títí kíkorò fi kúrò lára rẹ̀, tó sì di iṣu tó ṣeé gún. Houlératou gbé èbù rẹ̀ wá sílé ọkọ. Nígbà yẹn, ilé púpọ̀ ló ní in. Kajú ló dé tó gba oko lọ́wọ́ iṣu, àwọn tó ṣì ń gbin iṣu sì yan irú tó tóbi, tó ń yá tà lọ́jà. Lọ́dún tó kọjá, òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Oòrùn se àwọn iṣu ńlá mọ́ inú ebè. Iṣu ẹ̀gún nìkan ló ta. Houlératou fúnra rẹ̀ ló wà á, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára nígbà náà. "Má jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ tán," ló wí fún ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ìrẹsì lẹ fẹ́ gbé fún wọn?" Imane tún bẹ̀rẹ̀. "Moucharafou pè mí lánàá. Ó ní iṣu ẹ̀gbọ́n òun lòun ń bọ̀ wá jẹ kẹ́yìn. Bó bá bá ìrẹsì níbí, gbogbo Savalou ni yóò gbọ́ pé ẹ fi iṣu du òkú."

"Kí wọ́n gbọ́."

"Orí yín le ju odó lọ!"

"Se ìrẹsì. Pa àwọn àkùkọ sí i."

Yacoubou bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú orí iṣu tó wà nílẹ̀, ó fi eérú pa ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kó má baà jẹrà. Èyí ṣì lè hù. Àwọn tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ kò ju ìkúùkù lọ. Odindi la fi ń gbin irú wọn.

"Èyí tí o ti bẹ, sè é. Gé e wẹ́wẹ́."

Lẹ́yìn àdúà, wọ́n gbé oúnjẹ jáde fún àwọn àna. Moucharafou, àbúrò Houlératou, tó ń ránṣọ ní Savalou, ṣí àwo ìrẹsì, ó sì tún un dé padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi tó nìyí?"

Yacoubou dìde, ó gbé àwo kékeré kan wá, ó fún oníkálùkù ní ègé iṣu tí kò ju ìka lọ. Wọ́n jẹ ẹ́. Moucharafou jẹ tirẹ̀ pẹ́, ó sì gbójú sílẹ̀.

Nígbà náà ni Yacoubou gbé apẹ̀rẹ̀ jáde.

"Èyí tó kù láyé nìyí, bí mo ṣe mọ̀. Oko mi ni mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n oko kan ni mo ní, ọ̀dá kan sì lè pa gbogbo rẹ̀." Ó fi ọ̀kan lé Moucharafou lọ́wọ́. "Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, iná ṣì ń jó. Bí ẹ bá gbìn ín, tí tèmi bá kú, ọ̀dọ̀ yín ni n óo ti wá tọrọ."

"Èmi? Télọ̀?"

"Ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé yín."

"Ẹ má fi ẹ̀rọ rán an mọ́lẹ̀ o!" Imane ké láti ìdí ààrò. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Moucharafou kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà, ó gbé èbù náà sínú rẹ̀, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ Yacoubou, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ni orí rẹ̀?"

Yacoubou yí i fún un nínú fìlà.

"Ibí yìí. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo orí ebè, kí oòrùn má rí i."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tẹ̀lé e.